Òjìji Ilé Tí Wọn Kò Tíì Kọ́

Àbúrò mi ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó gbọ́ ọ. Ká ní àjèjì ni, omi ọṣẹ ni ǹ bá dà sí i lẹ́sẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni wá ní òpópónà wa. Bí ilé kan ṣe ń fọ aṣọ ni ìkejì ń lọ̀ ọ́, ìkẹta sì ń po sítáàṣì. Lẹ́yìn àwọn ilé wa ni pápá ìsáṣọ wà, ilẹ̀ gbalasa kan tó kún fún òpó irin àti okùn, gbogbo wa la sì jọ ni ín. Bí oòrùn bá ti yọ lápá ibi tí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan wà, àwọn aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí okùn bí ẹni pé inú wọn ń dùn pé wọ́n bọ́ lára àwọn tó ni wọ́n. Òfin kan wà nílùú látijọ́ tó ń ṣọ́ pápá yìí fún wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ilé tó ga ju òrùlé tiwa lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àfi bí olórí àwa alágbàfọ̀ bá dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìlú tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé a gbà.

Èmi ni olórí náà. Ìyá Oníbúlúù ni wọ́n ń pè mí, nítorí búlúù tí mo máa ń fi sínú omi ìkẹyìn tí mo fi ń ṣan aṣọ funfun. Funfun tèmi máa ń dun ojú. N kò fọ́nnu. Ẹ bi ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí.

Àbúrò mi ní tirẹ̀ kò fẹ́ràn omi ọṣẹ. Alágbàtà ilé ni. Ó ń bá onílé wá ayálégbé, ó ń bá ẹni tó fẹ́ ta wá ẹni tó fẹ́ rà, kọ́kọ́rọ́ ilé onílé sì kún ìbàdí rẹ̀ débi pé ariwo wọn máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá wa kú nígbà tó ṣì kéré, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà láàárín bàsíà àti okùn. Ọmọ dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ ló kàn dùn jù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o,” ló wí nígbà tó wọ yàrá tí mo ti ń lọ aṣọ.

“Ọ̀ọ. Má fara kan tábìlì yẹn, áyọ́ọ̀nù gbóná.”

Ó fà sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ra ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Wọ́n fẹ́ wó o, kí wọ́n kọ́ ilé alájà gogoro síbẹ̀.

“Wọn ò ní fọwọ́ kan ilé yín, wọn ò ní fọwọ́ kan pápá. Bíríkì yín kan ò ní yẹ̀ níbi tó wà. Wọ́n á da ọ̀dà tuntun sí títì, iná á wà, àdúgbò á di tuntun. Ẹ̀yin ṣáà ti dìde níwájú ìgbìmọ̀, kí ẹ ní ẹ gbà. Ó parí.”

“Ta ló ta ilé ìkẹ́rùsí fún wọn?”

“Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Alága ìgbìmọ̀ ni.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ̀yin fúnra yín, fúláàtì kan wà nílẹ̀ fún yín, àjà kẹrin. Balùwẹ̀ tiyín, fèrèsé ńlá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, Ẹ̀gbọ́n.”

Kí n má parọ́, ọkàn mi fà sí i. Yàrá mi wà lẹ́yìn ibi tí mo ti ń lọ aṣọ, ooru áyọ́ọ̀nù kì í jẹ́ kí ògiri rẹ̀ tutù, èmi àti gbogbo ará ilé la sì jọ ń tò síwájú balùwẹ̀ kan ṣoṣo láràárọ̀. Mo fojú inú rí ara mi lójú fèrèsé yẹn, tí mo ń wo ìsàlẹ̀ bí ìyàwó ọba. Mo ní kó máa lọ, mo ti gbọ́. Ó mọ̀ pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tán.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n wó ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n to irin sókè fíofío síbẹ̀, wọ́n sì ta aṣọ ìpolówó kan bò ó láti òkè dé ilẹ̀, kí gbogbo ìlú lè rí ilé náà kí ọjọ́ ìjókòó ìgbìmọ̀ tó pé. Àwòrán ilé ọ̀hún ló wà lára rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Obìnrin kan ń fa ajá lọ níwájú rẹ̀, ọkùnrin kan gbé ọmọ lé èjìká, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún ya pápá wa síbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di koríko tútù. Okùn kan kò sí níbẹ̀.

Gbogbo wa jáde lọ wò ó. Bàbá Onísítáàṣì, tí kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń mú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì le bíi tirẹ̀, dúró níwájú àwòrán náà títí.

“Bàbá, kí lẹ̀ ń wá?” mo bi í.

“Ara mi ni. Mi ò rí i. Bóyá inú ilé ni mo wà, mò ń sùn.”

A rẹ́rìn-ín, a sì padà sídìí iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, aṣọ tó wà lórí okùn iwájú kò gbẹ. A rò pé ojú ọjọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú débi pé ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà, síbẹ̀ àwọn aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì tí mo sá ń tutù lọ́wọ́ mi bí ọwọ́ òkú. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì dá wọn padà pé wọ́n ń rùn. Aṣọ tèmi, ẹnìkan ní ó ń rùn! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú ẹni tó gbé e wá.

Bàbá Onísítáàṣì ló pè mí. Ó ń rìn lẹ́bàá okùn rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ọrùn àwọn ṣẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn rọ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ó wá nàka sílẹ̀, sí ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ pápá tí ó sì bò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òjìji aṣọ ìpolówó yẹn ni.

“Ìyá Oníbúlúù,” ó ní, “àwòrán ilé nìyí o. Ilé fúnra rẹ̀ ńkọ́?”

Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi, mo sì gba ọ́fíìsì àbúrò mi lọ.

Yàrá kékeré ni, fọ́tò ilé lẹ̀ mọ́ gíláàsì ojú fèrèsé rẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ ò ráàyè wọlé. Ó dìde fún mi, ó fún mi ní àga tirẹ̀. Mi ò jókòó.

“O mọ̀ pé ilé yẹn máa gba oòrùn lọ́wọ́ wa?”

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi ń mú aṣọ gbẹ.”

“Mi ò bi ẹ́ ní ti ẹ̀rọ. Mo ní, ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “Gbogbo wọn ló mọ̀. Bí aṣọ ò bá gbẹ níbẹ̀ mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ní ẹ ò fẹ́ pápá mọ́, wọ́n á sì rà á. Ta ló máa ra ilẹ̀ tó wà nínú òjìji bí ò bá ṣe ẹni tó ni òjìji? Ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́ ìkejì sí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ìlú ń dàgbà. Ẹni tí ò bá bá a dàgbà, ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ! Wọn kò ní lé wa. Wọ́n máa ṣú dùdù lé wa lórí títí a ó fi lé ara wa.

“Mi ò ní sọ pé a gbà,” mo ní.

“Ẹ ò ní láti sọ ọ́ mọ́. Bí ẹ bá kọ̀, wọ́n á pa òfin yẹn rẹ́ níbi ìjókòó kan náà. Alága ti fi dá wọn lójú.” Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dìde tí ẹ sì tàbùkù wọn, èmi ni wọ́n máa lé. Iṣẹ́ tó tóbi jù tí mo rí láyé mi nìyí. Torí Ọlọ́run, ẹ gba fúláàtì yín.”

“Ta ló ní kí o fi oòrùn mi tọrọ iṣẹ́?”

Mo jáde. Inú bí mi débi pé mo gba iwájú òpópónà wa kọjá láìmọ̀. Ó dùn mí ju kí àjèjì gbá mi létí lọ, torí mo fẹ́ràn ọmọ náà, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ: bí mo bá jà, orí rẹ̀ ni màá fi jà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìgbìmọ̀ ìlú wa, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín. Wọ́n ní aṣọ ìjókòó, funfun gígùn tó ní ọrùn pupa, tí wọ́n máa ń wọ̀ lé aṣọ ara wọn. Bí wọn kò bá wọ̀ ọ́, ìjókòó wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì máa ń kó o wá fún fífọ̀ kí ìjókòó ńlá tó wáyé. Bí akọ̀wé wọn ṣe kó o dé báyìí, àwọn ènìyàn mi yí mi ká. Ìyàwó kan ní kí a da omi aláró sí i. Òmíràn ní kí a tì í mọ́lé, kí a sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

“Ẹ dákẹ́,” mo ní. “Aṣọ ò ṣẹ̀ wá. A máa fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Búlúù mi á wọ inú rẹ̀. A ò ní fi omi kún un, a ò ní ya á. Ibi tí a máa sá a sí nìkan ni ọ̀rọ̀ kù sí.”

Nígbà tó yé Bàbá Onísítáàṣì, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. A fọ àwọn aṣọ náà bí ẹni ń fọ aṣọ ìyàwó, a sì sá gbogbo wọn sábẹ́ àwòrán ilé, níbi tí òjìji ti nípọn jù lọ.

Lọ́jọ́ ìjókòó, a kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ wẹ́ẹ́. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà jókòó níwájú pẹ̀lú kóòtù dúdú, àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò wojú mi. Alága na apá sẹ́yìn, akọ̀wé wọ aṣọ fún un. Ara rẹ̀ gbọ̀n rìrì.

“Kí ló ṣe aṣọ yìí? Ó tutù!”

“Ó tutù ni, sà,” mo dìde wí.

“Tèmi ń rùn,” ni obìnrin kan lára ìgbìmọ̀ sọ. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó yáa gbé e jìnnà.

“Ìyá Oníbúlúù, ìwọ lo fọ èyí?”

“Èmi ni, mo sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Ibi tí ẹ fẹ́ kí a máa sá aṣọ sí láti òní lọ ni mo sá a sí. Ìjì ò jà, òjò ò rọ̀. Òjìji aṣọ ìpolówó ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra wọ̀ ọ́, sà. Ó máa mọ́ yín lára.”

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Alága bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò wà lára rẹ̀. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjókòó láìwọ̀ ọ́. Akọ̀wé rọra sọ sí i létí pé òfin kò gbà á.

“Ẹ lọ mú un gbẹ kíákíá!” ó jágbe mọ́ wa.

“Oòrùn wà lẹ́yìn àwòrán yẹn. Ẹ sọ fún àwọn tó ni ín kí wọ́n ká a sílẹ̀, aṣọ yín á gbẹ.”

Ó wo àwọn oníkóòtù dúdú. Wọ́n wo ara wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Àwọn fúnra wọn ló fẹ́ kí ìjókòó wáyé lọ́jọ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí wọ́n ṣe rán àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ gun irin nìyẹn, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tú aṣọ ìpolówó wọn. Oòrùn já wọ pápá wa lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé aṣọ wọn wá, wọ́n dúró káàkiri láàárín okùn, wọ́n ń nu òógùn ojú, wọ́n ń wo aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Obìnrin tó ní tòun ń rùn fọwọ́ kan etí aṣọ rẹ̀. Ó tún fọwọ́ kàn án. Mo rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí a padà sí gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí àbúrò mi sọ̀rọ̀ fún ilé-iṣẹ́. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní àdúgbò á dọ̀tun, ó ní ẹ̀rọ á máa mú aṣọ gbẹ. Ó wá ní, “Olórí àwọn alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ kò kọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ bá a sọ ọ́.” Ohùn rẹ̀ wárìrì níbẹ̀. Alága yí sí mi.

Mo dìde.

“Òótọ́ ló sọ,” mo ní. “Wọ́n ní wọ́n á fún mi ní fúláàtì kan ní àjà kẹrin, ó sì wù mí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí ǹ bá máa wò láti ojú fèrèsé mi lókè yẹn? Bàbá Onísítáàṣì nínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ẹ ní kí a ra ẹ̀rọ. Oòrùn tí a ti ní tẹ́lẹ̀, ta la rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Mo fi ẹnu tèmi kọ̀ ọ́. Mi ò gbà. Àwa alágbàfọ̀ ò gbà. Bí ẹ bá sì fẹ́ pa òfin rẹ́, ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀. Kí kálukú na ọwọ́ sókè, kí a rí ọwọ́ tó jẹ́, torí ọ̀dọ̀ wa náà ni aṣọ yín ń bọ̀.”

“Ṣé o ń halẹ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ ni?” Alága bi mí.

“Rárá, sà. Mò ń sọ ibi tí aṣọ ti ń gbẹ ni.”

Wọ́n dìbò. Alága na ọwọ́ kí òfin kúrò, àwọn kan tẹ̀ lé e. Obìnrin tí mo sọ yẹn ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, kò nà á. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó, ó rọra sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé máa fi kà á tán, àwọn tí kò nawọ́ pọ̀ ju àwọn tó nawọ́ lọ. Òfin wà níbi tó wà. Ariwo tí àwọn ènìyàn mi pa, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ ní ìlú kejì.

Ilé-iṣẹ́ náà kó irin wọn lọ. Kò sí èrè fún wọn nínú ilé tí kò ga ju òrùlé tiwa. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n lé àbúrò mi gẹ́gẹ́ bó ti wí. Bí a bá pàdé lójú títì, ó máa ń bọ́ sí òdìkejì. Mo máa ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó tó yọjú, màá sì gbọ́ ọ bó ṣe ń jìnnà lọ. Àwọn ará pápá ń kọrin, wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Alẹ́ nìkan ló mọ bó ṣe ń ṣe mí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí awakọ̀ kan tó gbé ìdì aṣọ kan wá fún mi. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní wọ́n ní kí òun má sọ. Mo tú ìdì náà, mo rí ọrùn àwọn ṣẹ́ẹ̀tì. Ta ló lè fi bí ọrùn àbúrò mi ṣe ń jẹ aṣọ pamọ́ fún mi? Mo fọ̀ wọ́n fúnra mi, mo fi búlúù sí i, mo sì sá wọn sórí okùn tó gba oòrùn jù lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ awakọ̀ náà padà wá, ó na ọwọ́ pé kí n kó wọn fún òun.

“Rárá,” mo ní. “Sọ fún un pé aṣọ rẹ̀ ti gbẹ. Kó wá gbé e fúnra rẹ̀.”

Ó fọwọ́ họ orí. “Wọ́n ní ẹ̀ ń bínú sí àwọn, mà.”

“Mò ń bínú. Sọ ìyẹn náà fún un. Kó wá bá mi nínú ìbínú yẹn.”

Ó wo àwọn ṣẹ́ẹ̀tì lórí okùn, ó wo ojú mi, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ jíṣẹ́.